Ògiri Tí Ìyá Fẹ̀yìn Tì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe nínú gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ aṣọ kan, ariwo wọn ló sì di etí rẹ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ètè yín ló máa tẹjú mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa, kó yáa kọ̀yìn sí i.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin gbà á láti sọ ọ́ di ilé táwọn olórin á ti máa kọrin níwájú èrò, bàbá rẹ́rìn-ín títí. "Ibi tó sọ mí di adití lo fẹ́ káwọn èèyàn ti wá gbọ́ orin?" Ó gbà fún un ṣá, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀: kí wọ́n má fọwọ́ kan ògiri apá òsì. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ìyá ọmọ náà fi ń hun aṣọ wà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yẹn fi ń fẹ̀yìn ti ògiri náà bó bá ti rẹ̀ ẹ́, títí ọ̀dà ibẹ̀ fi bó, ní ìwọ̀n èjìká rẹ̀ gẹ́lẹ́. Látìgbà tó ti kú, ibẹ̀ ni bàbá máa ń lọ bí àárò rẹ̀ bá ń sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá wọlé. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ lu ihò síbi táwọn olórin á máa dúró, gbogbo ilẹ̀ ń gbọ̀n. Lọ́ọ̀ọ́kán, ọmọ rẹ̀ àti bíríkìlà dúró níwájú ògiri náà. Ó rí ètè ọmọ rẹ̀ kedere: "Ẹ wó o dáadáa. Ẹ wó o lónìí yìí."

Yéè! Bàbá ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó fẹ̀yìn bo ògiri, ó la apá méjèèjì.

"Kí ẹ wó kí ni? Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ìyá tó bí ẹ lo fẹ́ wó yẹn! Ọjọ́ tí o bá ṣí ilé rádaràda yìí, má wulẹ̀ ránṣẹ́ pè mí!"

Ẹ mọ̀ pé adití kì í mọ bí ohùn òun ṣe ga tó. Ẹni tó ń lu ihò gan-an pa ẹ̀rọ ẹ̀.

Omi ti kún ojú ọmọ náà. Ó wá na ìka kan síwájú ètè. Ó ní "wò ó": ìka náà lọ sílẹ̀, ó tún gòkè.

Ẹnu ya bàbá. Nínú ariwo ìjọ́sí, ètè lásán làwọn ahunṣọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ètè mọ ọkọ ilé yàtọ̀ sí ọkọ́ oko? Ìka ni wọ́n fi ń ṣàmì ohùn. Obìnrin kan sọ nígbà kan pé ọkọ́ òun sọnù, gbogbo ìlà ẹ̀rọ ti ń bá a dárò ọkọ kó tó rántí na ìka. Ìyá ti fi gbogbo ẹ̀ kọ́ ọmọ yìí nílé, bàbá ò mọ̀ rárá.

"Mo ní kí wọ́n wò ó ni, Bàbá," ọmọ náà rọra sọ ọ́ kí ètè rẹ̀ lè hàn. "Àwọn panápaná ní ibí yìí gan-an ni èrò gbọ́dọ̀ máa gbà sá jáde bí iná bá sọ, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ò ní lè ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bíríkìlà ti ní ká wó o. Mo kọ̀. Mo ní kí wọ́n tún un wò, bóyá ọ̀nà míì wà."

Bàbá yíjú sí bíríkìlà. "Ṣé ó wà?"

"Kò sí, Bàbá. Ẹ má bínú."

Ojú ti bàbá, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. "Ọmọ tó ń gbèjà mi ni mo dúró bú," ló ń tún sọ. Ó gbé ẹ̀yìn sí ojú ibi tí ọ̀dà ti bó. Ìyá kúrú jù ú lọ, ó ní láti tẹ orúnkún kí èjìká tó bá a mu. Ó wà níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló kúrò.

"Ìyá ẹ ò ní fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jóná nítorí òun," ó ní. "Ẹ wó o."

Bíríkìlà ò mira. Ó wo ọmọ, ọmọ wolẹ̀.

"Ẹ ò gbọ́ ni?" bàbá fi igbe ta, omijé ń dà lójú ẹ̀. "Àbí èmi nìkan kọ́ ni adití níbí? Mo ní ẹ wó o!"