Irin Ọwọ́ Òsì

Bàbá Yínmú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí lẹ́yìn, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Kò sóhun tí kì í kó ọkùnrin náà nírìíra. Ẹni tó bá fi itọ́ pa ìlà rẹ́, ẹni tó fi ọwọ́ ọ̀rá di rúlà mú, ẹni tó ya ìlà kìtìbì síbi tó yẹ kó tín-ín-rín, gbogbo wọn ló ń wò bí ẹni tó tutọ́ sínú omi mímu. Kó tó lanu sọ̀rọ̀, imú rẹ̀ á ti ká sókè, kíláàsì á sì mọ̀ pé ayé ẹnì kan ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ìwé ọmọbìnrin kan ló kó sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà ya àga onígi kan bó ṣe rí láti iwájú, láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Ó tiẹ̀ tún kun òjìji sábẹ́ ẹsẹ̀ àga náà kó lè dára lójú. Bàbá Yínmú fi ìka méjì gbé ìwé náà ní igun, bí ẹni gbé òkú eku.

"Kí leléyìí?"

"Àga ni, sà."

"Mo rí i pé àga ni. Àmì ẹ̀ dà?"

Àmì tó ń bèèrè kò ju bín-ín-tín lọ, ó dà bí ife tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka, ìsàlẹ̀ ìwé ni wọ́n sì ń yà á sí. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ yòókù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ayàwòrán kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá rí láti òsì, apá òsì ìwé ni wọ́n máa ń yà á sí. Àwọn mìíràn á yà á sí apá ọ̀tún. Kò séyìí tó burú nínú méjèèjì, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí o gbà yóò ṣe nǹkan náà lódìlódì, bí ìgbà tí èèyàn wo ara rẹ̀ nínú dígí. Àmì yẹn ló ń sọ ọ̀nà tí o gbà fún un.

"Òdo," ni Bàbá Yínmú wí. "Ìwé ẹlẹ́gbin. O ò sọ ibi tó o dúró sí tó o fi wo nǹkan, o wá ń kun òjìji."

Ọmọ náà gba ìwé rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Olùkọ́ yọ áńkáṣíìfù, ó nu ìka rẹ̀.

Ilé gan-an ni ìdààmú ọkùnrin yìí wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù, tí gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀ kú. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Ó lè fi ọ̀pá rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó lè jókòó, àmọ́ kò lè dá dìde. Àbúrò rẹ̀ ló máa ń wọlé lọ gbé e. Kò ráhùn rí, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣílẹ̀kùn tí òórùn kàn án, imú á ká sókè. Ẹ̀gbọ́n á rí i, á sì kọjú sí ògiri.

Ó pẹ́ kó tó yé e pé obìnrin náà ti dín omi mímu kù, nítorí kó má bàa pè é. Ètè rẹ̀ ti ń bó. Nígbà tó bi í, ọ̀rọ̀ jáde.

"Ṣe irin kan fún mi, tí màá máa dì mú dìde. Èmi tí mo nùdí fún ẹ, mi ò fẹ́ ojú tó o fi ń wò mí yẹn mọ́."

Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kó lè jókòó pẹ́ nídìí àwòrán irin náà. Ó ya páìpù irin tó ti ara ògiri ẹ̀yìn wá, tó gba òsì ẹni tó jókòó, tó tẹ̀ sínú díẹ̀ níbi ọwọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yà síta dúró nílẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ pé, ìlà rẹ̀ mọ́. Ó yára gbé e fún wẹ́dà, ajórin àdúgbò, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó fún ọmọ ọlọ́mọ ní òdo ni wẹ́dà gbé irin náà dé. Ó ti ha gbogbo ojú ibi tó jó pọ̀, ó kùn ún ní funfun. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe gbọ́ pé irin ti dé, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé ife omi, ó mu ún tán, ó bu òmíràn, ó tún mu ún.

Wẹ́dà gbé irin sí apá òsì. Ẹsẹ̀ irin náà kọ lu ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibi ọwọ́ tẹ̀ síta, ó kọjú sí ògiri.

"Ọ̀gá, ọwọ́ ọ̀tún ni irin yìí wà fún."

"Òsì ni mo yà!"

"Ọ̀tún lẹ yà. Ìwé yín nìyí."

Bàbá Yínmú já ìwé náà gbà. Èébú ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó wo igun ìsàlẹ̀. Igun náà funfun báláú. Kò sí ife, kò sí òrùka.

"Bí wọn ò bá fi àmì sí i, ọ̀nà tiwa là ń gbà," ni wẹ́dà wí. "Màá tún un ṣe, àmọ́ ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀." Ó gbé irin rẹ̀ léjìká, ó ń súfèé lọ.

Ọkùnrin náà dúró lọ́ọ̀dẹ̀. Ara rẹ̀ kó o nírìíra. Ìwé ẹlẹ́gbin. Ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́. Ó rún ìwé náà mọ́wọ́, ó jù ú sílẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Àbúrò." Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá, ó rọlẹ̀. "Jọ̀ọ́, máa bọ̀. Omi tí mo mu ti ṣiṣẹ́, mo ti jókòó síbí tipẹ́."

Ó ṣílẹ̀kùn. Imú rẹ̀ ká.

"Ó tún ti ká," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó kọjú sí ògiri.

"Kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n mi. Ara mi ló ń kó mi nírìíra." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: igun ìwé tó ṣófo, irin tó lòdì, ọmọ tó fún ní òdo láàárọ̀ nítorí ohun kan náà.

"O fún ọmọ ọlọ́mọ ní òdo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò ṣe dáadáa." Ó yíjú kúrò lára ògiri, ó tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ó fi ojú fi ibì kan hàn án. "Wá dúró síbí. Òsì mi nìyí."

Ó dúró síbẹ̀. Ó ká apá rẹ̀ sínú díẹ̀, bó ṣe yẹ kí irin náà tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dì í mú, ó fi gbogbo ara wúwo lé e. Òórùn náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò kò yíjú.

Nígbà tí obìnrin náà dìde tán, tó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bá a bá dé yàrá, bu omi míì wá fún mi."