Ọjọ́ Tí Mo Fi Wáyà Dìrun fún Ìbídùn

Oorun gbé mi lọ lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù lọ́sàn-án àná, mo sì lá àlá kan. Ìyá Gbádébọ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Orí yín ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ ò lè dìde lọ.

Ẹ mọ Ìbídùn ọmọ mi. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó máa ń pè mí ní Màámi tẹ́lẹ̀, àfi bó ṣe di ọmọ ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá ń fún ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni ń fọṣọ. Àwọn dókítà ní àìsàn ọpọlọ kan tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọdé ni, pé àwọn ń wá àmì rẹ̀ nínú ọpọlọ kí àwọn lè mọ oògùn tó máa ràn án lọ́wọ́. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ ní tèmi: tí mo bá pe ọmọ yìí, ṣé ó mọ̀ pé èmi ni?

Nínú àlá náà, ọ́fíìsì wọn ló léfòó lókè táǹkì omi, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò. Mo pọn ọmọ, mo gun okùn náà lọ. Akọ̀wé tó ń gba káàdì gba tiwa, ó sì jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ni mo rí ìwo lórí rẹ̀. Ó ti di òbúkọ. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, sà, torí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tètè dá òun lóhùn ní ọ́fíìsì kì í wo ìwo.

Dókítà Morádékẹ́, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, fi wáyà lé Ìbídùn lórí. Wáyà já bọ́. Ó tún fi lé e, ó tún já bọ́. Ẹ̀rọ tó ń ka ọpọlọ, tí wọ́n so wáyà náà mọ́, húkọ́, ó ní, "Ta ló fi àdí pa ọmọ yìí lórí? Mò ń yọ̀ ṣáá."

Èmi ni. Ṣé onídìrí á gbé ọmọ jáde pẹ̀lú irun gbígbẹ ni? Ojú tì mí. Dókítà ní kí a padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní rárá o, kí wọ́n kó wáyà náà fún mi. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ orí ọmọ, ìfófòó kún ọ́fíìsì dé àjà, kò sẹ́ni tó ráhùn. Mo fi ìlarun ya irun rẹ̀ sí ọ̀nà mọ́kànlélógún, mo ń di wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn bí a ṣe ń fi òwú dìrun. Ẹ̀rọ ní kí n rọra, pé ó ń dun òun. Mo ní kó fara dà á, ẹwà ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sórí ìwé. Dókítà ní kí ẹni tí ọmọ ò mọ̀ kọ́kọ́ pè é, ká wo ohun tí ìlà máa ṣe. Òbúkọ pè é, ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Òbúkọ gé ibẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó wá kàn mí. Oríkì rẹ̀ ni mo pè.

"Àjọkẹ́. Àjọkẹ́ mi."

Ìlà náà fò sókè, ó kọjá etí ìwé, ó gun ògiri, ó gba fèrèsé jáde. Òbúkọ tún bu ìwé yẹn sẹ́nu. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ó rún un títí, ó sì tu ú sílẹ̀.

"Èyí ò ṣeé jẹ," ó ní. "Nǹkan wà nínú rẹ̀."

Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ kàn mí léjìká, mo bá jí. Ó ní ó ti kàn wá, kí n mú káàdì wá. Mo wo itan mi. Ìbídùn ti ki káàdì bọ ẹnu, ó ti jẹ igun rẹ̀ kan tán.

Mo ní, "Àjọkẹ́, tu ú sílẹ̀."

Ẹnu rẹ̀ dúró. Ó gbé ojú sókè, ó ń wò mí, kò sì mójú kúrò. Nọ́ọ̀sì bèèrè bóyá bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní n ò mọ̀, pé láti ọjọ́ tí a ti ń wá sí ọsibítù, orúkọ inú káàdì ni mo ń pè é. Mo yọ káàdì tútù náà lẹ́nu ọmọ, nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó yọ bírò lápò, ó sì kọ Àjọkẹ́ síbi tó ṣẹ́ kù.