Jalamíà Tó Kírun Àílà

Ẹni tó bá ní àgbàlagbà kì í ṣe màgòmágó, ẹni yẹn kò tíì bá Alhaji Làtíìfù gbé àdúgbò rí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ojú rẹ̀ sì tutù bí omi inú àmù. Ẹ má wo ojú yẹn o. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń dá gbé inú flat kan ní àjà kẹta ní Peckham, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á.

Òtútù ọdún yẹn kò jọ èyí tí a mọ̀. Yìnyín London, bó bá bọ́ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti di ẹrẹ̀. Ti ọdún yẹn wá, ó tẹ́ ẹní, ó sùn. Èyí tó bọ́ lánàá kò tíì yọ́ tí tòní fi ń gorí rẹ̀, títí gbogbo ojú ọ̀nà fi di dígí. Bọ́ọ̀sì ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín ní Old Kent Road, àwọn tó ń fọ mọ́tò sì ti kó kànìnkànìn wọn wọlé.

Mìsítúrà, ọmọ kan ṣoṣo tí Alhaji bí, ń gbé ní Dartford. Máníjà ni ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan níbẹ̀, ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un lé lórí ni kó máa sọ fún arúgbó pé kó jókòó. Alhaji sì ti yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní ọdún tó kọjá. Nítorí náà, ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́ ni Mìsítúrà ti wá, ó kó oúnjẹ kún fírísà, ó sì dúró síwájú bàbá rẹ̀.

"Daddy, mò ń sọ fún yín o. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín yìí pẹ́nrẹ́n, mo máa call council, a máa dá kọ́kọ́rọ́ flat yìí padà fún wọn, ẹ ó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. I'm not joking, Daddy."

Alhaji mọ̀ pé kò fi ṣeré. Ìyá rẹ̀ ló jọ, ìyẹn náà kì í halẹ̀ lásán. Ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ méjì rí ní Dartford. Yàrá tí wọ́n fún un dára, kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé, ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí nìkan lèèyàn ń rí. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, kò sẹ́ni tó kí i ní "Alhaji, ẹ kú àárọ̀" yàtọ̀ sí àwọn ará ilé. Ní Peckham, kó tó dé ibi tó ti ń ra búrẹ́dì, ó ti kí èèyàn méje, ó sì ti bá méjì jiyàn. Ó dá a lójú pé bí wọ́n bá gbé òun kúrò ní Peckham, òun kò ní pẹ́ láyé. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà bà á gidi.

Kí bàbá má baà rí ọgbọ́n dá, Mìsítúrà gbé kámẹ́rà kékeré kan sórí pẹpẹ ìwé ní pálọ̀, ó ní òun á máa wò ó lórí fóònù òun. Ọjọ́ márùn-ún ni Alhaji fi ń wo kámẹ́rà, tí kámẹ́rà ń wo òun náà. Lọ́jọ́ kẹfà, inú bí i, ó yí àga rẹ̀ padà sí ojú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, kò sì yí i padà mọ́. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn orí Daddy ni Mìsítúrà ń rí láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá ni Alàgbà Akínkúnlé pè é. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ni wọ́n, gáréèjì bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìkejì jẹ́ alàgbà ní ìjọ kan ní Old Kent Road, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń pàdé nílé Akínkúnlé lẹ́bàá Peckham Rye láti ta dráàfù.

"Làtí, mo gbọ́ pé ọmọ ti dé ẹ mọ́nú àgò bí adìẹ," Akínkúnlé ní. "Má da ara rẹ láàmú. Mo ti rí ẹlòmíì tá a jọ máa ta á. Ọmọ ìjọ wa kan ni, ọmọ ọgọ́ta ọdún péré, ojú ẹ̀ ṣì ń ríran."

Alhaji pa fóònù. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju òtútù lọ. Ó bọ́ sí bákónì láti lọ ká aṣọ tó fọ̀ láàárọ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè rọlẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti bá jalamíà rẹ̀ onírun àgùntàn tó dúró gbagidi lórí okùn. Jalamíà Mòrókò ni, èyí tó ní ìbòrí lẹ́yìn ọrùn. Omi inú rẹ̀ ti dì, aṣọ ti gan. Alhaji sọ̀ ọ́ kalẹ̀, aṣọ dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó fi ìka tì í, kò ṣubú. Bàbá bá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín burúkú ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tún aṣọ náà rì sínú omi, ó gbé e jókòó sórí àga oníke kan ní bákónì, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sórí apá àga, ó sì fi abọ́ gbé ìbòrí rẹ̀ dúró bí orí èèyàn. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, Alhaji kejì ti jókòó síta, ó le koko. Ó dúró di aago mẹ́jọ, ìgbà tí Mìsítúrà máa ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, tí kò lè wo fóònù. Ó pa hítà kí aṣọ má baà yọ́, ó sún àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé àga oníke àti aṣọ wọlé sí ipò rẹ̀, ó yọ abọ́, ó dé aṣọ náà ní fìlà, ó sì to sálúbàtà méjì síwájú rẹ̀. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó wò ó láti ibẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni. Ó tilẹ̀ ń wù ú láti kí ara rẹ̀.

Ó wá wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun sórí bàtà rẹ̀. Gáréèjì ló ti kọ́ ọgbọ́n yẹn nígbà tó ń ṣiṣẹ́, nítorí ìbọ̀sẹ̀ kì í yọ̀ lórí yìnyín. Ó gba ojú ọ̀nà lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń kí àwọn èèyàn, afẹ́fẹ́ ń ta á nímú, inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi lé sí i lójú.

"Ta ló ń ṣọ́ ẹ nílé?" Akínkúnlé bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi náà ni," ni Alhaji dá a lóhùn. Ó gbé kóòtù rẹ̀ kọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, tòun ti fóònù nínú àpò, ó wọlé, ó sì na ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àyò mẹ́ta léra wọn. Ọmọ ọgọ́ta ọdún jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò wọ́n.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó gbọ́ ọ. Nígbà tí Mìsítúrà sinmi díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó wo fóònù. Daddy jókòó, ó dáa. Ṣùgbọ́n fóònù kan náà ló fi ń mọ bí ilé ṣe gbóná tó, ó sì rí i pé pálọ̀ tutù nini. Ó ní Daddy ti tún ń ṣọ́ owó gáàsì nìyẹn. Láti Dartford ló ti fọwọ́ kan fóònù, hítà bá ṣáná ní Peckham.

Nígbà tó tún máa wò ó, Daddy ti tẹ orí ba díẹ̀. Àkókò kírun Àílà ọ̀sán ti tó, Mìsítúrà ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ó tún wò ó, Daddy ti tẹ̀ wá síwájú, ó ti rúkúù. Nígbà tó wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, Daddy ti kúrò lórí àga, ó ti forí kanlẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn nínú, ó ní bàbá òun kì í fi ìrun ṣeré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, orí Daddy ṣì wà nílẹ̀. Ó di ogún. Mìsítúrà pe fóònù bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ó pe Ìyá Dámisọ́lá tí wọ́n jọ ń gbé àjà kẹta, tí kọ́kọ́rọ́ flat Alhaji kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni Ìyá Dámisọ́lá, kì í pa ìsìn jẹ. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń kìlọ̀ fún Alhaji pé ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó gba àwọn ẹni mímọ́ sókè lójijì, tí aṣọ wọn nìkan á ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọ pálọ̀. Ó rí fìlà. Ó rí sálúbàtà méjì. Ó rí jalamíà nílẹ̀ tí omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Kò rí Alhaji.

"Mummy Dámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń mí?" Mìsítúrà ń bi í lórí fóònù.

"Aṣọ wọn ló wà níbí," Ìyá Dámisọ́lá ní. "Wọn ò sí nínú ẹ̀." Ó wo aṣọ, ó wo òkè àjà. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Mìsítúrà, wọ́n ti gba Alhaji sókè. Wọ́n fi èmi sílẹ̀."

Ó pa fóònù, ó pe pásítọ̀ rẹ̀. Pásítọ̀ kò gbé e. Ó pe olórí akọrin, ìyẹn náà kò gbé e. Kí ló tún kù?

Mìsítúrà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó kó sí mọ́tò, ó ń wà á, ó ń sunkún. Bó ṣe dé iwájú ilé ní Peckham, ó já jáde pẹ̀lú bàtà olókùn pẹlẹbẹ tó fi ń ṣiṣẹ́, ó gbé ìgbésẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, ó gbá a lápá mú, ó ń fà á dìde. Mìsítúrà wo bàtà ẹni náà, ó rí ìbọ̀sẹ̀ lórí wọn. Ó gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀.

Alhaji ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó ti fẹ́ bi í pé nínú àwọn méjèèjì, ta ló yẹ kí wọ́n tì mọ́lé. Ṣùgbọ́n Mìsítúrà di kóòtù rẹ̀ mú, ó fi orí sí i láyà.

"Mo rò pé ẹ ti kú," ó ní. "Mo jókòó, mò ń wò yín, mo rò pé ẹ̀ ń kírun."

Alhaji gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Ojú tì í débi pé kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀. "Má bínú," ó ní. "Má bínú, ọmọ mi."

Ó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n rọra gòkè. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, Ìyá Dámisọ́lá wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú jalamíà, ó ń jẹ́wọ́ pé òun lòun ń da pàǹtí òun sínú bíìnì Alhaji láti ọdún mẹ́ta. Ó gbójú sókè, ó rí onílé. Ó wò ó títí.

"Alhaji," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣé wọ́n dá yín padà ni?"

"Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ bíìnì."

Mìsítúrà kò rẹ́rìn-ín. Omijé ti gbẹ lójú rẹ̀, ìbínú ló kù. Ó ní Sátidé ni àwọn máa di ẹrù, ó ti parí, Dartford ni. Alhaji kò bá a jiyàn. Ó jókòó sórí àga oníke tó tutù náà, ó ń wo ògiri tó ti ń wò láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ Mìsítúrà ti wú. Nọ́ọ̀sì ni kó tó di máníjà, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò tó sọ pé kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fi tẹlẹ̀, kò sì lè fi wa mọ́tò. Ló bá kù sí Peckham. Alhaji gbé e jókòó sójú fèrèsé, ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Má fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ pẹ́nrẹ́n," ó ní, ó sì yí kámẹ́rà díẹ̀ kó lè kọjú sí i. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ ra búrẹ́dì, àràárọ̀ ni bàbá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sórí bàtà, tó ń jáde. Mìsítúrà ń wo yìnyín, ó ń wo fóònù, ó tún ń wo yìnyín.

Lọ́jọ́ kẹta, Alhaji ti ọjà dé, ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé, ó bá ọmọ rẹ̀ lórí àga tó kẹ̀yìn sí i, tó da jalamíà bora, tó fi ìbòrí rẹ̀ bo orí. Ó ń ròyìn ìgboro fún un: ẹni tó ṣubú, ẹni tó sọ búrẹ́dì di ọ̀wọ́n. Ó po tíì, ó gbé e síwájú rẹ̀. Mìsítúrà kò dáhùn. Alhaji rò pé ó ṣì ń bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó tọrọ àforíjì tọkàntọkàn, ó sì fọwọ́ kàn án léjìká. Èjìká náà rọ̀ jù. Ìrọ̀rí méjì ni, pẹ̀lú igi mọ́ọ̀pù láàárín.

Ó yọjú lójú fèrèsé. Mìsítúrà wà nísàlẹ̀ lórí bẹ́ńṣì iwájú ilé, ọ̀pá ìtìlẹ̀ Ìyá Dámisọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn nínú ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀ lórí bàtà. Ó gbé ojú sí oòrùn tín-ín-rín tó yọ, ó ń bá obìnrin kan tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ òtútù.

Alhaji sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Mìsítúrà rí i, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Daddy, ilé yẹn fẹ́ pa mí ni," ó ní.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò kí èmi tó gbé aṣọ jókòó."

Mìsítúrà sún lórí bẹ́ńṣì, ó fi ọwọ́ gbá yìnyín kúrò níbi tí bàbá rẹ̀ máa jókòó sí.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní, "tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Uncle Akínkúnlé, ẹ má fi fóònù sílẹ̀ nínú kóòtù."