Màlúù Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tó Ń Tiro

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí oṣù mẹ́fà ìdánwò rẹ̀ pé, Gunnvor ka ilẹ̀kùn tí èèyàn lè gbà jáde nínú ọ́fíìsì. Méjì ni. Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé méjì ni, àmọ́ ẹni tẹ́rù ń bà kì í fi kíkà ṣeré.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Ìwé tó kà ò pọ̀. Oko Haugen ló ti ń fún wàrà màlúù láti kékeré, kó tó di pé eékún rẹ̀ kọ iṣẹ́, tó sì ta gbogbo agbo. Lẹ́yìn náà ló kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́wàá, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko wàrà ní ìlú Steinkjer fi ní kó wá, kí àwọn dán an wò. Òní ni Sindre, ọ̀gá wọn, máa sọ bóyá kó dúró ni tàbí kó máa lọ sílé. Agogo méjì ọ̀sán, nídìí wáfù, àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ tí wọ́n jọ ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì.

Wáfù yìí ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, òun ni yóò yan wáfù fún gbogbo ilé ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e. Sindre fúnra rẹ̀ ló ń po ìyẹ̀fun lónìí. Ó ti pa odindi ojú ìwé kan rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí olóko yóò ti máa kọ ìròyìn màlúù rẹ̀ ni wọ́n fi lé Gunnvor lọ́wọ́. Silje, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń jókòó, ló kọ́ àká tó wà lẹ́yìn, níbi tí àkọsílẹ̀ gbogbo màlúù ẹgbẹ́ wà. Ti Gunnvor ni kó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn: bí olóko bá kọ ọ̀rọ̀ síwájú, kí àká gbọ́, bí ti inú àká bá yí padà, kí iwájú fi hàn. Ó ti dán an wò nígbà ogójì. Ó kà á.

Màlúù kan ṣoṣo ló fi ń dán an wò: Dagros, èyí tó gbẹ̀yìn kúrò nínú ọgbà rẹ̀. Àwọn méjìdínlógún yòókù, ọwọ́ rẹ̀ ò lọ síbi orúkọ wọn.

Ní agogo mẹ́wàá, Arnfinn dé. Olóko ẹni àádọ́rin ọdún ni, òun ni wọ́n pè kó wá kọ́kọ́ lo ojú ìwé náà.

"Ṣé kì í ṣe Gunnvor ti Haugen nìyí? Èyí tí àgbò wa lé gun orí òrùlé?"

"Òrùlé kọ́," Gunnvor ní. "Ọgbà ni."

"Òrùlé ni. Mo wà ńbẹ̀."

Màlúù Arnfinn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tò wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, lórúkọ lórúkọ. Ó fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ síwájú orúkọ Staslin, ọ̀kan nínú wọn: *ó ń tiro, ó gba abẹ́rẹ́, ẹ má gba wàrà rẹ̀.*

Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo màlúù tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Gbogbo wọn gba abẹ́rẹ́.

Arnfinn ṣí fìlà. "Mo fi wọ́n sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n ń rìn kánkán. Àrùn wo lẹ fi ránṣẹ́ sí wọn láti ibí?"

Silje bú sẹ́rìn-ín. Sindre ò rẹ́rìn-ín.

"Ká ní ojú ìwé yìí ti jáde ni, ọkọ̀ wàrà ì bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà Arnfinn láì dúró. Silje, ṣé àká ni?" Sindre béèrè.

"Ó lè jẹ́ àká," Silje ní. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Bóyá mo..."

Gunnvor wo ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ó wo ìkejì. Tó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà lè wà lọ́rùn Silje títí agogo méjì yóò fi lù. Àmọ́ ó ti mọ̀. Látorí màlúù kejì ló ti mọ̀.

"Kì í ṣe àká." Ohùn rẹ̀ kéré. "Èmi ni. Àkọsílẹ̀ ìlera... ẹyọ kan ni mo ṣe. Òun ni mo so gbogbo wọn mọ́. Màlúù kan ni mo fi ń dán an wò, n ò lè rí i."

"Màlúù mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí èèkàn kan!" Arnfinn pariwo. "Ká ní baba ẹ gbọ́ ni, wàá tún gun òrùlé."

Sindre kọjú sí Gunnvor. "Ìgbà wo lo máa tún un ṣe tán?"

"Kí wáfù tó jinná."

"Ó yá."

Gunnvor fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ta ni yóò tún kọ́ ẹni tó dàgbà nínú ọgbà ẹran nírú ọ̀rọ̀ yìí? Màlúù kọ̀ọ̀kan, èèkàn tirẹ̀. Ó pa àkọsílẹ̀ àjọpín yẹn rẹ́. Ó ṣètò pé kí ojú ìwé mú nọ́ńbà tó wà létí màlúù kọ̀ọ̀kan lọ sínú àká, kó gba àkọsílẹ̀ onítọ̀hún wá, ibẹ̀ náà ni kó sì dá a padà sí.

Ó dáwọ́ dúró. Dagros nìkan ò tó mọ́.

Ó tẹ Litagod, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn màlúù tó ti tà. Ó mí kanlẹ̀. Ó tẹ Fagerlin, ó tẹ Sommerlin. Nígbà tó dé orí ìkeje, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó dé orí ìkejìlá, ó ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ ta Silje. "Èyí, ahọ́n ló fi ń ṣílẹ̀kùn."

"Irọ́!"

"Ahọ́n! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la pààrọ̀ ìkọ́ ilẹ̀kùn."

Màlúù mọ́kàndínlógún pé. Ó kọ ọ́ pé ọ̀kan ń tiro. Ọ̀kan ló tiro. Ó pa ojú ìwé dé, ó tún un ṣí. Ọ̀kan náà ni.

Arnfinn ti ilé ìdáná padà wá, jáàmù nírùngbọ̀n. Ó tún ọ̀rọ̀ Staslin kọ, ó sì tẹjú mọ́ àwọn tó kù. "Ẹ̀yin ọgbọ̀n, ẹ kú ewu. Ara yín mà tètè yá o!"

Agogo méjì lù. Wáfù Gunnvor wà níwájú rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́. Sindre wọlé, ìyẹ̀fun níwájú orí, ó sì na ìpọnbẹ̀ tó fi ń bu ìyẹ̀fun sí i.

"Òfin lòfin. O ba iṣẹ́ jẹ́. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ìwọ lo máa yan wáfù."

"Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀." Gunnvor rọra sọ ọ́. "Àmọ́ òní ni oṣù mẹ́fà mi pé."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ fún ẹ lónìí nìyẹn, kó o lè tètè wá ẹyin."

Silje ti fò mọ́ ọn lọ́rùn. Arnfinn ní òun náà á wà níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà má fi ìpín rẹ̀ fún gbogbo ilé, bí ti abẹ́rẹ́ Staslin.

Gunnvor kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn méjèèjì. Ó gé wáfù tó ti tutù, ó gbé wàràkàṣì lé e, ó jẹ ẹ́ tán.

"Ẹyin mélòó?" ó bi Sindre.