Abọ́ Omi Yúríà

Salome, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó máa ń wá sí Gadumo, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé yúríà, ajílẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dúdú minimini lè pa ẹran tó bá mu ún. Ó ní bí mo bá ti pò ó mọ́ omi, kí n má fi í sílẹ̀.

Mo pò ó sínú abọ́, mo fi í sílẹ̀, mo lọ fa koríko. Nígbà tí mo padà, abọ́ ti gbẹ. Ìfẹ́olúwa, ọmọ ọmọ mi tí kò tíì pé ọdún méjì, jókòó tì í, àyà aṣọ rẹ̀ tutù. Ewúrẹ́ Àmínát aládùúgbò mi dúró tì í.

"Ìfẹ́, ìwọ lo mu ún?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Omi."

Mo gbé e mọ́ra, mo ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀, mo kígbe sí Àmínát pé kó bá mi wá ọ̀kadà. Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ṣubú, ó ń ta ẹsẹ̀.

"Ọlọ́run, o ṣeun! Ewúrẹ́ ni!"

Àmínát ti dé ẹ̀yìn mi.

"Màmá, ewúrẹ́ mi lẹ ń dúpẹ́ lé lórí yẹn? Oyún wà nínú rẹ̀ o."

"Àmínát, jọ̀ọ́, mo rò pé ọmọ..."

"Ọ̀kadà wà lójú títì. Ẹ ṣì gbé e lọ sọ́sibítù."

Ó tú okùn lọ́rùn ewúrẹ́ náà, ó ká a mọ́wọ́, ó sì ń lọ. Kò wẹ̀yìn.