Kọ́kọ́rọ́ Inú Epo

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ń wá Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ni ọkùnrin kan wọ ìsọ̀ rẹ̀ wá, tó ní kí wọ́n bá òun parí kọ́kọ́rọ́ kan. Àbíkẹ́yìn ló bá nídìí ẹ̀rọ. Bàbá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí òun ló kẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́fà, òun nìkan náà ló sì dúró ti iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹnì kan tí kò mọ ìsọ̀ wọn rí pe bàbá lórí fóònù pé ilẹ̀kùn òun há. Bàbá gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ apá, ó lọ, kò padà. Sájẹ́ǹtì tí ọ̀rọ̀ náà já lé lọ́wọ́ ní àgbàlagbà a máa yà sílé ọ̀rẹ́. Àbíkẹ́yìn dá a lóhùn pé bàbá òun kò lọ́rẹ̀ẹ́, oníbàárà ló ní. Ó wá a dé ilé ìwòsàn méjì, ṣùgbọ́n kò jókòó sunkún. Ẹkún kì í ṣílẹ̀kùn, bí ẹnikẹ́ni ò bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ọmọ oníkọ́kọ́rọ́ mọ̀ ọ́n.

Bàtà dúdú tí ọkùnrin náà wọ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fi wojú. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kan tí wọ́n gé eyín rẹ̀ dé ìdajì sórí káńtà. Ó ní arúgbó kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n, òun náà ló júwe ìsọ̀ yìí pé ẹ̀rọ ibẹ̀ dára.

Àbíkẹ́yìn wo eyín náà, ó tún un wò. Ọwọ́ tó gé e kò gbọ̀n rárá. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wọn ni, èyí tí ìkejì rẹ̀ ti wà nínú báàgì rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Bí wọ́n bá dì í lójú, á mọ̀ ọ́n. Àgádágodo yẹn ló kẹ́yìn nínú mẹ́rin tí bàbá fi ń tì í mọ́ta nígbà tó wà lọ́mọdé. Bó bá ti pẹ́ níta, á bá ilẹ̀kùn ní títì, á fi píìnì irun ṣí i. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá á ra èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún títí di òní. Nínú ìsọ̀ pàápàá, bàbá kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan iṣẹ́ ṣíṣí ilẹ̀kùn láìsí kọ́kọ́rọ́. Ó ní gígé tó o.

Ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣí. Oníbàtà Dídán ní àpótí irin kan ni, ogún ẹ̀gbọ́n òun tó kú. Gbogbo rẹ̀ yé Àbíkẹ́yìn. Wọ́n ní kí bàbá gé kọ́kọ́rọ́ àpótí olówó, bàbá gé ti ilé ara rẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá ti tì í bọ ihò àpótí, tí kò sì yí, wọ́n á mọ̀ pé arúgbó ti fi àwọn ṣeré, bàbá ni yóò sì jìyà ẹ̀. Ó ní láti débẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Ó gé eyín tó kù, ó ń kọrin lábẹ́ imú. Lẹ́yìn náà, ó bu epo ẹ̀rọ kún agolo wàrà kan dẹ́nu, ó sọ kọ́kọ́rọ́ náà sí i.

"Ẹ má yọ ọ́ títí wákàtí kan á fi pé," ó ní. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni. Bẹ́ ẹ bá kánjú, inú ihò ló máa kán sí, ẹ ò sì ní rẹ́ni yọ ọ́. Epo yẹn ò gbọdọ̀ dín o."

Ọkùnrin náà béèrè ìdérí. Ó ní rárá o, irin gbọ́dọ̀ mí. Kò sí oníkọ́kọ́rọ́ kan láyé tó gbọ́ irú ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ojú tí Àbíkẹ́yìn fi sọ ọ́, adájọ́ á gbà á gbọ́.

Ẹni tó gbé epo tó kún dẹ́nu kì í wẹ̀yìn, pàápàá tí bàtà rẹ̀ bá ń dán tó bẹ́ẹ̀. Oníbàtà Dídán fi ọwọ́ méjèèjì di agolo mú, ó ń rìn bí ìyàwó tuntun. Àbíkẹ́yìn ti ìsọ̀, ó tẹ̀ lé e. Wọ́n kọjá ilé oògùn, wọ́n kọjá ògiri ilé ìwé, wọ́n yà sí òpópónà kan tó dákẹ́. Ó pe Sájẹ́ǹtì, ó júwe ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì ní kó dúró de òun níta. Àbíkẹ́yìn ní òun ti gbọ́. Gbígbọ́ kọ́ ni gbígbà.

Oníbàtà Dídán gbé agolo sí ẹnu ọ̀nà ilé alájà kan, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n ń wo aago. Àbíkẹ́yìn gba ihò ọgbà wọ ẹ̀yìn ilé. Yàrá kékeré kan wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn onírin, àgádágodo lẹ́nu rẹ̀. Irú tilé wọn gan-an ni. Bàbá kò kàn fi kọ́kọ́rọ́ tó gé yẹn sọ pé òun wà láàyè, ó sọ irú ohun tí wọ́n fi ti òun mọ́lé pẹ̀lú. Eyín kọ́kọ́rọ́ wọn lè yàtọ̀, inú wọn bákan náà ni.

Ó fa píìnì irun yọ lórí, àkọ́kọ́ ṣẹ́. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ní iwájú ilé ń sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò gbàgbé ohun tó ti mọ̀ láti kékeré. Píìnì kejì wọlé, àgádágodo ṣí.

Bàbá jókòó sórí korobá, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú méje lo fi ṣí i," ó ní. "Kí ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n gba ihò ọgbà jáde. Nígbà tí ọlọ́pàá fi dé, àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣì jókòó ti agolo. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wákàtí pé, epo kankan kò sì kán sí bàtà.

Nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, Àbíkẹ́yìn bi bàbá rẹ̀ bó ṣe mọ̀ pé òun á lè ṣí i.

"Ta lo rò pé mò ń ra àgádágodo mẹ́rin yẹn fún?" bàbá dáhùn. "Ká ní mo fẹ́ kó o sùn síta ni, igi ni mi ò bá fi há ilẹ̀kùn látinú ilé. Ta ló ń fi píìnì ṣí igi?"

Ìgbà yẹn ni Àbíkẹ́yìn wá sunkún, nígbà tí kò ku ilẹ̀kùn kankan láti ṣí.