Èèpo Ẹyin ní Apá Fatiláísà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi tó bẹ́: díẹ̀ ló kù kí bàbá mi ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Iyẹ̀pẹ̀ ni mò ń yẹ̀ wò nílé ìwádìí. A pín oko bàbá mi sí méjì. Apá kan ń jẹ ilẹ̀dú, ìyẹn ewé, ìgbẹ́ adìyẹ àti èèpo ẹyin tó ti jẹrà. Apá kejì, ìlà mẹ́wàá, ń jẹ fatiláísà. Bí ìyàtọ̀ ò bá hàn, wọ́n máa fòpin sí ìwádìí náà, àwọn àgbẹ̀ tó ń pe bàbá mi ní Alágídí Ilẹ̀dú á sì rí wọn fi ṣẹ̀sín.

Ọdún méjì gbáko, ekòló, tó jẹ́ àmì pé ilẹ̀ wà láàyè, kún apá ilẹ̀dú, apá fatiláísà sì le koko. Àfi bó ṣe di ọdún kẹta tí ekòló ń yọ níbẹ̀ náà. Ọ̀gá mi wo àròpọ̀ ekòló apá méjèèjì, wọ́n mirí, wọ́n ní ká máa palẹ̀ mọ́. Mo jọ iyẹ̀pẹ̀ apá fatiláísà, ni mo bá rí èèpo ẹyin. Èmi ò tíì rí fatiláísà tó ń yé ẹyin rí o.

Mo gba oko lọ tìbínú-tìbínú. Bàbá mi kọ́kọ́ ń họrí.

“Ebi ń pa ilẹ̀ ibí yìí,” ni wọ́n wí nígbà tó yá. “Ṣé kí n máa bọ́ ọ̀kan lójú èkejì ni?”

Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní ibo gan-an ni wọ́n da ilẹ̀dú náà sí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, ìlà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nìkan lágbára àwọn ká, láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Mo yára tú ìwé tí mo ń kọ iye ekòló ìlà kọ̀ọ̀kan sí. Ìlà kìíní dé ìkẹrin, ekòló. Ìkarùn-ún dé ìkẹwàá, òfo. Ilẹ̀ tó ti kú ti jí, ibi tí ilẹ̀dú kàn nìkan!

Mo pe ọ̀gá mi, bàtà ilé ni wọ́n wọ̀ dé. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ìlà kẹrin, wọ́n gbẹ́ ìkarùn-ún, wọ́n tún padà sí ìkẹrin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè dá iṣẹ́ yìí dúró mọ́, àwọn á bẹ̀bẹ̀ fún ọdún méjì sí i. Wọ́n wá bẹ bàbá mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún ìlà mẹ́fà tó kù ní nǹkan kan.

Bàbá mi wo ìlà mẹ́fà náà títí.

“Ẹ yáa wá ẹni tí á máa ṣọ́ mi,” ni wọ́n wí.